Káàdì Tó Ní Ọ̀gá Tọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tí ò bá tẹ̀ ẹ́ wò nílé, ìta ló ti ń tẹ́"?

Ẹ má dá mi lóhùn o, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ máa ní ọ̀rọ̀ píà ni. Pé téèyàn bá ra píà láìtẹ̀ ẹ́ wò, tó gbé e síwájú àlejò, tí wọ́n là á tí inú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú á tì í. Irọ́ ni! Píà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Káàdì ni. Káàdì ìkíni, àfọwọ́ṣe, tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tí obìnrin kan tó ti rẹ̀ ṣe lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan báyìí.

Àríkẹ́ lorúkọ obìnrin náà. Tíṣà ni. Iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Abà Olókè, abúlé kan tó jìnnà débi pé fóònù gan-an, tó bá débẹ̀, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìgboro ni Àríkẹ́ ń gbé. Lójoojúmọ́, á gun ọ̀kadà kan dé oríta, á gun òmíì dé etí odò, á wá fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń bá a bọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe èyí tí oorun ń wò o. Tó bá jókòó, ìdìde á máa rẹ̀ ẹ́. Tó bá wá dìde tán, á tún máa rẹ̀ ẹ́ pé òun dìde.

Ó lọ́mọ kan, Mofìyìn, ọmọ ọdún márùn-ún. Kí Mofìyìn tó jí, ìyá ẹ̀ ti lọ. Kí ìyá ẹ̀ tó dé, Mofìyìn ti sùn. Ìyá kan tó wà ní yàrá kejì ló ń bá wọn mójú tó o, ìyẹn ni Mofìyìn ń pè ní "Mọ́mì." Àríkẹ́ tó lóyún ẹ̀, tó bí i, "Àǹtí" ló ń pè é. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ yẹn wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ilé wa lẹ máa sùn lónìí?"

Àríkẹ́ ò sunkún. Ẹkún gan-an ń fẹ́ agbára, agbára ọ̀hún ò sì sí.

Ohun kan ṣoṣo tó lè yọ ọ́ ni fọ́ọ̀mù tíránsífà tó wà nínú báàgì ẹ̀. Ìjọba ti gbà kó máa bọ̀ nílé ìwé kan tí kò ju òkò mẹ́ta sílé ẹ̀. Ó ku kí ọ̀gá àgbà buwọ́ lù ú, kó sì lu òǹtẹ̀ ilé ìwé sí i. Fọ́ọ̀mù kan péré ni wọ́n fún un o. Tó bá fi bàjẹ́, ó di ọdún méjì sí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀gá àgbà, Ìyáàfin Ọdẹ́yẹmí, máa fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì. Igbákejì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Gbénró, ló máa gorí àga lọ́jọ́ Ajé, òun sì ti fọwọ́ sọ̀yà ní yàrá àwọn tíṣà pé, "Tó bá ti kàn mí, kò sí tíṣà kankan tó máa kúrò níbí. Gbogbo wa la jọ máa jìyà ẹ̀."

Àríkẹ́ bá gbé fọ́ọ̀mù lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá ní, "Mo ti gbọ́, Àríkẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, tá a bá ṣètò tán, màá buwọ́ lù ú. Wọ́n ní ìwọ lò ń ṣe káàdì mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àmì ohùn ńkọ́?"

"Ó máa wà níbẹ̀, mà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá, mà."

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Ìyáàfin Ọdẹ́yẹmí jẹ́ fún yín. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ìhòòhò ló ń rìn. Bàbá ọmọ kan kọ̀wé sí wọn nígbà kan pé ibà ń ṣe ọmọ òun. Kò fàmì sí i. Ọ̀gá fi bírò pupa tún un ṣe látòkè délẹ̀, wọ́n dá a padà pé kó lọ tún un kọ. Ìgbà tí bàbá yẹn fi tún un kọ tán, ibà ti lọ, ọmọ ti wà ní kíláàsì. Àbúrò wọn náà fún wọn ní ìwé ìpè ìgbéyàwó, wọ́n fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Ẹni tí Àríkẹ́ máa ṣe káàdì fún nìyí.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, tí ilé ìwé parí, Àríkẹ́ tẹ́ páálí funfun sórí tábìlì. Ó kó páànù pẹlẹbẹ mélòó kan síta, tí wọ́n ti gé ihò òdòdó àti ewé sí bíi tàwọn aládìrẹ. Ó já fóòmù lára tìmùtìmù tó ti gbó, èyí tó máa fi máa ki ínkì sínú ihò náà. Ó tú àwọn ìgò ínkì síta: pupa rèé, àwọ̀ ewé rèé. Búlúù dà? Búlúù ti fọ́ sínú báàgì lórí ọ̀kadà kejì, ó ti kun oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kan fọ́ọ̀mù.

Àríkẹ́ wo ìrẹsì búlúù yẹn, ó mí kanlẹ̀, ó jẹ ẹ́.

Ó wá rántí pé páàdì òǹtẹ̀ ilé ìwé wà lórí tábìlì akọ̀wé, pẹ̀lú ìgò ínkì kékeré tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Akọ̀wé ti lọ sílé. Ó kó méjèèjì. Ó ní ẹ̀kán díẹ̀ lòun máa lò.

Lẹ́tà ló kù. Àtẹ́lẹsẹ̀ sìlípáàsì ló fẹ́ fi gbẹ́ ẹ. Ó mú abẹ, ó ń gé. Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu ọsàn. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, alùpùpù ẹ̀ ló sì fẹ́ fi gbé Àríkẹ́ dé oríta tó bá ṣe tán.

"Àǹtí Àríkẹ́."

"Hẹ̀n."

"Sìlípáàsì tẹ́ ẹ̀ ń gé yẹn jọ tèmi o."

"Tìẹ ni."

"Tèmi ni?"

"Ó ti já látọjọ́ ìdíje eré ìje. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo mú."

"Ẹ ṣé o. Ẹ kúkú máa fi ẹsẹ̀ mi kí ọ̀gá."

Àríkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, obìnrin náà mọṣẹ́. Ó ti wò ó lórí fóònù pé ohun téèyàn bá gbẹ́ báyìí, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa jáde lórí páálí. Nítorí náà, ó gbé dígí kékeré síwájú, ó wo lẹ́tà inú dígí, ó gbẹ́ E ní ìdàkejì, ó gbẹ́ K àti B ní ìdàkejì. Ó tẹ E sórí bébà. E jáde, ó dúró ṣánṣán. Ó tẹ K. Ṣánṣán. Gbogbo lẹ́tà ló tẹ̀ wò, ọ̀kan ò yẹ̀.

Ó wá ku àmì ohùn. Bébà tó fi ń dán an wò ti tán, ínkì búlúù ti ń lọ sópin, ojú Àríkẹ́ sì ti ń pa dé fúnra ẹ̀. Lára sìlípáàsì náà, ó gé igi tín-ín-rín kan tó dagun sókè, ó fi bírò kọ "òkè" sẹ́yìn ẹ̀. Ó gé èkejì tó dagun sísàlẹ̀, ó kọ "ìsàlẹ̀" sẹ́yìn tìyẹn náà.

Láṣebìkan ní, "Ẹ tẹ̀yẹn náà wò ná."

"Tẹ kí ni wò? Ṣé àmì náà lójú àti ẹ̀yìn ni? Igi kan ṣoṣo ni, Láṣebìkan. Ó rẹ̀ mí."

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi wò ó."

"Mu ọsàn ẹ."

Ẹ̀yin tọ́pọlọ yín ò tíì sùn, ẹ ti rí ibi tó ń lọ. Igi tó dagun sókè lára sìlípáàsì, tó bá dórí páálí, á dagun sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ á sì di òkè. Ṣùgbọ́n Àríkẹ́ ò rí i. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní tiẹ̀, ojú ẹ̀ là sílẹ̀, oorun ló ń wò. Ó tẹ òdòdó sí i, ó tẹ ewé yí i ká. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó dáa sójú ewé iwájú, ó kọ àdúrà sínú. Nígbà tó parí, ó fún páàdì òǹtẹ̀ yẹn pọ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni ń fún ẹ̀fọ́, kó lè rí búlúù tó máa tẹ àmì tó gbẹ̀yìn. Ìgò ti gbẹ. Páàdì ti gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ nìkan ni kò gbẹ, ó di búlúù dé ọrùn ọwọ́, ó sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, tíṣà méjìlélógún ló wo káàdì yẹn. "Háà, ó rẹwà o!" "Àríkẹ́, ọwọ́ ẹ dáa!" "Wo òdòdó!" Ẹnì kankan ò rí nǹkan kan. Ṣé èèyàn ń wo àmì ni? Ojú á kàn ka ohun tí ọkàn ti mọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wo àmì ní Abà Olókè.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá jókòó síwájú pẹ̀lú ọkọ wọn, Bàbá Ọdẹ́yẹmí, tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé jókòó sílẹ̀, wọ́n tó ọ̀ọ́dúnrún. Láṣebìkan ló ń darí ètò, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí ẹni di ọmọ mú. Àríkẹ́ gbé káàdì lọ, ó kúnlẹ̀, ọ̀gá gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n fi awò sójú.

Ẹ̀rín yẹn dúró. Wọ́n ka ojú ewé. Wọ́n ṣí i, wọ́n ka inú. Wọ́n tún padà sójú ewé.

"Láṣebìkan."

"Mà."

"Wá bá mi ka ohun tó wà níbí. Tẹ̀ lé àmì."

Láṣebìkan ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn rí, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ò tíì gbàgbé pàṣán. Tí ọ̀gá bá ti ní "tẹ̀ lé àmì," kì í ronú mọ́, bó ṣe wà ló máa kà á. Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó sì kà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré:

"Ẹ tọ̀ wa! Re, dò, re! Ẹ kọ̀ wa! Re, dò, re!"

Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Tíṣà bá ti ka nǹkan sókè, wọn á tẹ̀ lé e ni. Ọ̀ọ́dúnrún ẹnu la lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ẹ TỌ̀ WA! RE, DÒ, RE! Ẹ KỌ̀ WA! RE, DÒ, RE!"

Àríkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Háà."

Láṣebìkan ti ṣí inú káàdì. Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò tíì ní kó dúró. "Ẹ ò gbò! Re, dò, dò! Ẹ ò tọ̀! Re, dò, dò!"

"Ẹ Ò GBÒ! Ẹ Ò TỌ̀!"

Bàbá Ọdẹ́yẹmí fọwọ́ kan aya wọn. "Kí ni wọ́n ń wí? Ta ló tọ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ lo tọ̀? Níbí?"

"Lójú ewé, wọ́n ní mo tọ̀. Nínú, wọ́n ní mi ò tọ̀."

Bàbá ronú sí i. "Èwo ni ká wá mú?"

Ọ̀gbẹ́ni Gbénró ti dìde, ó ń gbọn agbádá. "Ọ̀gá, ìwọ̀sí gbáà ni! Ẹ wo ohun tó kọ: pé ẹ tọ̀, pé ẹ kọ̀ wá, pé ẹ ò ní gbó! Ó ṣépè fún yín! Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ buwọ́ lùwé fún nìyẹn? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Àríkẹ́ bá tú báàgì. Ó kó ègé sìlípáàsì méjì síta, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ búlúù. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ tọ́ wa, ẹ kọ́ wa ni mo kọ. Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́ ni mo kọ. Àmì ló yí mọ́ mi lọ́wọ́, mà."

Ọ̀gá mú èyí tí wọ́n kọ "òkè" sí lẹ́yìn, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Ó yé wọn. "O ò tẹ̀ ẹ́ wò?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

Àríkẹ́ wá àwáwí, kò rí. Ó ti rẹ àwáwí náà. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Láṣebìkan dúró tì í, ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀ ò tíì kú, gbogbo gbọ̀ngàn ló sì gbọ́ ọ:

"Ó rẹ̀ mí, mà."

Àwọn ọmọ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó RẸ̀ MÍ, MÀ! MÍ, DÒ, MÍ, DÒ!"

Àwọn tíṣà méjìlélógún wo ilẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílé. Ọ̀gá yọ awò lójú.

Wọ́n ní, "Ìyẹn tọ̀nà. Látàárọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo tí àmì ẹ̀ pé nìyẹn."

Wọ́n fa bírò pupa yọ látinú irun. Wọ́n tún gbogbo àmì orí káàdì ṣe, wọ́n kọ máàkì sí igun ẹ̀: méjì nínú mẹ́wàá. "Ọ̀kan fún òdòdó. Ọ̀kan fún àánú. Fọ́ọ̀mù ẹ dà?"

Àríkẹ́ yọ ọ́ nínú báàgì. Ọ̀gá buwọ́ lù ú, wọ́n fàmì sórí orúkọ ara wọn. "Òǹtẹ̀ dà?"

Ọ̀gbẹ́ni Gbénró ló lọ gbé e wá. Ó rìn lọ kíákíá, ó rìn bọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu ẹ̀. "Òǹtẹ̀ rèé, mà. Ṣùgbọ́n páàdì gbẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́. Ìgò ínkì náà gbẹ."

"Ta ló lò ó?"

Àríkẹ́ nawọ́ sí káàdì.

Gbénró ní, "Ó ṣe é fúnra ẹ̀ nìyẹn. Kò sí òǹtẹ̀, kò sí tíránsífà. Ó di ọjọ́ Ajé, lọ́dọ̀ mi."

Àtẹ́lẹwọ́ Àríkẹ́ ni ọ̀gá ń wò. Ẹ̀rù ti jẹ́ kó làágùn, òógùn sì ti jí ínkì àná dìde, ó ń tàn yòyò.

"Na ọwọ́."

Láṣebìkan dijú. Ó rò pé pàṣán ni. Àríkẹ́ na ọwọ́, nítorí kíkọ̀ náà ń fẹ́ agbára. Ọ̀gá gbé òǹtẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n gbé e kúrò. Búlúù ti mú un.

Gbogbo èèyàn na ọrùn. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, kan ṣoṣo. Ọ̀gá gbé òǹtẹ̀ sókè lórí ẹ̀.

Ni wọ́n bá dúró. "Ẹ gbé káàdì yẹn wá ná."

Wọ́n dojú káàdì délẹ̀, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Ó jáde. Ó jáde lórí kodò! Orúkọ ilé ìwé wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè.

Ọ̀gá wo Gbénró, nítorí òun ló gbé e lé wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Gbénró ń wo àjà. Wọ́n yí òǹtẹ̀ padà, wọ́n ní "na ọwọ́" lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì. Ṣánṣán. Ìgbà náà ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù. Pá!

Wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Láṣebìkan. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, èyí ni ẹ̀kọ́ tí mo máa kọ́ yín kẹ́yìn. Ẹni tí ò bá tẹ̀ ẹ́ wò nílé, ìta ló ti ń tẹ́. Tẹ̀ ni dò. Tẹ́ ni mí. Ẹ má ṣì í."

Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ló wí i tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wí i dé etí odò, wọ́n wí i délé. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ń ta píà ní oríta. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó ti ń wí i fún oníbàárà. Ibi tọ́rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ píà nìyẹn, ẹ má dá ìyá yẹn lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ilé ìwé tuntun wo fọ́ọ̀mù títí. Ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín kan tó dábùú òǹtẹ̀ kọjá. Ó ní, "Àǹtí, òǹtẹ̀ nìyí àbí àtẹ́lẹwọ́?"

Àríkẹ́ ní, "Méjèèjì ni."

Aago méjì ọ̀sán, ó ti délé. Oòrùn ṣì wà lókè, Mofìyìn sì ń ṣeré lójú ọ̀nà, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ gedegbe.

"Àǹtí, ẹ káàsán. Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan. Mo ti dé ni. Màá máa dé báyìí lójoojúmọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú báàgì lọ́rùn. Mofìyìn ò sáré dì mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó na ìka kan, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ẹ̀ wò. Ó tẹ èkejì. Ó dúró, ó rò ó, bí àgbàlagbà tó ń ra píà. Ó wá bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kankan ń gbọ́, kó tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́:

"Mọ́mì?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ ọdún márùn-ún, tí kò tíì mọ dò yàtọ̀ sí mí. Òun náà ti mọ̀ pé ẹni tí ò bá tẹ̀ ẹ́ wò nílé, ìta ló ti ń tẹ́.